Kámẹ́rà Oko, Kámẹ́rà Ọkọ, Kámẹ́rà Ọkọ̀

                                        Ojúlé 41, Ẹ̀gbẹ́ Ọgbà Parsloes,
                                        Dagenham,
                                        Lọ́ńdọ̀nù.
                                        Ọjọ́ Kẹta, Oṣù Kẹjọ, Ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Rodiyah,

Àwa, Kábíyèsí Olúomi Kìíní, Aláṣẹ Odò Thames láti Barking títí dé ibi tí omi ti ń di iyọ̀, Alágbàtọ́ gbogbo pẹ́pẹ́yẹ, Baba Ìsàlẹ̀ gbogbo ẹja tí kò tíì dé inú agolo, kí ọ láti orí ìtẹ́ wa. Ìwé rẹ dé ààfin. Àwọn ìjòyè kà á sókè, àwọn olorì fi ìkọ̀wé rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. A gbọ́ pé o ń wá kámẹ́rà tí kò wọ́n, èyí tí wàá máa so mọ́ àyà tí o bá wọ ọkọ̀ lórí omi Nottingham yín tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà. Àwa tìkára wa kì í bá ọmọdé sọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Nítorí náà a ti pàṣẹ fún akọ̀wé wa, ọmọbìnrin kan tó lẹ́wà, tó lọ́gbọ́n lórí, tí wọn ò sì mọyì rẹ̀ nílé, pé kó máa bá ọ sọ ìyókù. Kí adé pẹ́ lórí wa.

Ó dáa, Kábíyèsí ti wọlé lọ jẹun. Akọ̀wé ló kù.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Alhaja ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Bàbá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá tẹlifíṣọ̀n jà tí ìròyìn bá ń lọ? Haneef àbúrò rẹ ńkọ́, ọ̀gbẹ́ni tó máa ń sọ pé òun ò sùn nígbà tí itọ́ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀? Bá mi fi ọwọ́ pa á lórí. Ní tiwa, Dádì wà, Mọ́mì wà. Ayọ̀mípọ̀sí àbúrò mi ti ga jù mí lọ, mi ò sì fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ooru mú wa débi pé koríko ọgbà Parsloes pọ́n bí irun ajá.

Má jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ bí ìyá àgbà. Fóònù mi wà nínú àpò Mọ́mì, ibẹ̀ ló sì máa wà títí oṣù yìí á fi parí. Ìdí ẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀, fara balẹ̀.

Ìwọ ń wá kámẹ́rà kí àwọn èèyàn lè rí ọ lórí omi. Èmi wá tèmi kí wọ́n lè jẹ́ kí n dé orí omi rárá. O rántí ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń wa ọkọ̀ lórí odò kékeré ẹ̀yìn Barking, èyí tí Levi ń darí. Ní oṣù karùn-ún, mo mọ̀ọ́mọ̀ da ọkọ̀ mi dojú dé, mo sì rọra sá sábẹ́ ẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kù sí. Levi pè mí, mi ò dáhùn. Ó tún pè mí. Mo wá fi ohùn Wòlíì ìjọ wa dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ikọ́ wọn, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀: 'Ọmọ mi, a ti dé ẹnu ibodè, ẹ má ṣèyọnu.' Levi ò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó gbọ́ ni bàbá arúgbó kan tó ń sọ̀rọ̀ nínú omi. Ó bẹ́ sódò pẹ̀lú bàtà, pẹ̀lú fóònù, pẹ̀lú búrẹ́dì tó ń jẹ lọ́wọ́.

Mọ́mì gbọ́. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, òkè ni wọ́n mọ̀, wọn ò fọkàn tán omi tó bá ju ti garawa lọ. Wọ́n ní mi ò ní wọ ọkọ̀ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo fọ abọ́ tí mi ò jẹun nínú ẹ̀. Níkẹyìn wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà láyà mi láti ìgbà tí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ títí màá fi gbé e jáde, kí àwọn lè jókòó nílé wò ó látòkèdélẹ̀. Kò sí kámẹ́rà, kò sí omi.

Bẹ́ẹ̀ ìrìn àjò ńlá ti sún mọ́. Sátidé tó kẹ́yìn oṣù keje la máa kúrò nínú odò kékeré wa bọ́ sínú Thames fúnra ẹ̀, ọkọ̀ mẹ́ta, èèyàn mẹ́jọ mẹ́jọ. Levi tó yẹ kó ti lé mi ló fi mí síwájú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ó ní ohùn mi làwọn yòókù á máa tẹ̀ lé fi wa àjẹ̀. Rodiyah, wọn ò fi mí síwájú nǹkan kan rí, àfi iwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé.

Nítorí náà mo kọ́ nípa kámẹ́rà ju bí mo ṣe kọ́ ìṣirò lọ. Má wo ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Gbogbo páálí ló ń pariwo 4K, pé àwòrán òun mọ́ ju gíláàsì lọ. Mo rí ọ̀kan ní ọjà Barking tó kọ ọ́ sára páálí, tó kọ ọ́ sára kámẹ́rà, tó tún kọ ọ́ sára okùn tí wọ́n fi dì í, àmọ́ nígbà tí wọ́n fi ya ẹni tó ń tà á, ojú ẹ̀ rí bí ẹ̀kọ tó ti tutù. Ohun tí wàá bèèrè ni bóyá ó lè di àwòrán mú kó má gbọ̀n. Ọkọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́ lórí omi. Tí kámẹ́rà náà bá ń jó pẹ̀lú ẹ̀, ẹni tó bá wo fídíò ẹ á bì lórí àga. Tún bèèrè bóyá òun fúnra ẹ̀ ló lè wọ omi, àbí ilé oníke tí wọ́n kọ́ fún un. Àwọn tí kò wọ́n, ilé oníke ni wọ́n sábà máa ń ní. Kò burú, ṣùgbọ́n tí o bá ti tì í mọ́nú ibẹ̀, etí ẹ̀ á di, gbogbo ohun tí o bá sọ á dà bí àdúrà ẹni tó ki ẹnu bọ ìrọ̀rí. Fún èmi tó jẹ́ pé ohùn nìkan ni ogún mi, ìyà nìyẹn. Ti bátìrì, tí wọ́n bá ní wákàtí méjì, ka wákàtí kan, kí o sì mú òmíràn dání. Kí o so nǹkan tó ń léfòó mọ́ ọn, torí kámẹ́rà ò mọ̀wẹ̀. Àwọn tó lórúkọ dára, mi ò bú wọn, àmọ́ tí mo bá ní irú owó yẹn, ọkọ̀ ni ǹ bá rà.

Gbogbo ìmọ̀ yìí wà lórí mi, owó ni kò pé. Mọ́mì ní kò sí bí ẹnì kan nínú ẹbí ò ṣe ní ní èyí tí kò lò mọ́. Wọ́n ń fi ata pa adìẹ lára lọ́wọ́, ata wà lọ́wọ́ wọn méjèèjì, wọ́n ní kí n mú fóònù àwọn kí n kọ ọ́ sí Wọ́tsáàpù ẹbí. Wọ́n ń pè é, mo ń tẹ̀ ẹ́: 'Ẹ kú ilé o. Mo ń wá kámẹ́rà ọkọ̀ tí kò wọ́n. Nǹkan ti sú mi. Mo fẹ́ máa rí gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀.' Ohun tó wà lójú fóònù nìyí: 'E ku ile o. Mo n wa kamera oko ti ko won. Nnkan ti su mi. Mo fe maa ri gbogbo ohun to n sele.'

Mo rí i. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo rí i. Ìwọ náà wà ní kíláàsì Yorùbá ọjọ́ Sátidé nígbà tí Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó: oko tí a ń ro, ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ọkọ tó fẹ́ ni sílé, ọkọ̀ tó ń gbé ni lọ. Ìkarùn-ún wà tí Tíṣà ò kọ, tí gbogbo kíláàsì sì ń rẹ́rìn-ín sí. Mi ò ní kọ ọ́ síbí torí Alhaja máa ń ka lẹ́tà ẹ. Àmì ohùn wà lórí fóònù Mọ́mì, mo sì mọ ibi tí wọ́n wà. Mo kàn rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́ lọ.

Bọ̀dá Dávídì, àbúrò Mọ́mì, ló kọ́kọ́ dé, lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ Sátidé. Wọ́n ní ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ń dáko sí lọ́nà Eastbrook. Wọ́n gbé kámẹ́rà kan wá tó tóbi bí bíbélì orí pẹpẹ, aláwọ̀ ewéko, tí wọ́n máa ń so mọ́ igi kó lè ya ohunkóhun tó bá rìn kọjá.

'Àǹtí mi, kò sí èyí tó dáa tó èyí fún oko,' ni wọ́n wí. 'Ó ti mú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mẹ́rin fún mi. Ó tún mú ìyá kan nínú ìjọ yín tó ń já ẹ̀fọ́ mi láìtọrọ. Mo ní fọ́tò ẹ̀ lọ́wọ́.'

Mọ́mì ní, 'Oko wo? Ta ló ní oko?' Nígbà tí Mọ́mì wá ṣàlàyé pé ti orí omi ni, Bọ̀dá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, wọ́n sì fi páùn mẹ́wàá kún owó irun tí mo dì fún àwọn ọmọ ìjọ. Ó pé páùn márùnlélọ́gbọ̀n. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo lọ ra èyí tí ẹnì kan ti lò rí, lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan tó so ó mọ́ kẹ̀kẹ́, tó ṣubú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì gbà pé Ọlọ́run ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Kí n tó sanwó, mo ní kó jẹ́ kí n rì í sínú garawa ẹlẹ́ja tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó jáde, ó ń rùn, ó ń ṣiṣẹ́.

Ti Dádì ló tẹ̀ lé e. Wọ́n ka ọ̀rọ̀ náà níbi iṣẹ́, nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì kalẹ̀ láti jẹun. Ọkọ̀ ni wọ́n kà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ilẹ̀. Láti ìgbà tí ẹnì kan ti ha mọ́tò wọn lára ni wọ́n ti ń fẹ́ kámẹ́rà sójú gíláàsì, wọ́n wá gbà pé Mọ́mì ń wá a fún àwọn ní bòókẹ́lẹ́. Wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ nílé, wọ́n sì pe Mọ́mì ní 'Olólùfẹ́', orúkọ tí mi ò gbọ́ rí nínú ilé yìí. Mọ́mì bi mí ní ìdákọ́ńkọ́ bóyá Dádì ti ṣe nǹkan kan tí wọ́n ń fi pamọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sùn. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da omi gbígbóná, mi ò mọ̀.

Ọjọ́ ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Àǹtí Morónkẹ́ dé láti Village, àdúgbò kan ní Dagenham níbí, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn, bàtà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Dádì ni wọ́n. O mọ bó ṣe rí nílé wa: ìyàwó ò ní ọkọ kan ṣoṣo, gbogbo ará ilé tó fẹ́ ẹ, ọkọ ni wọ́n. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni Mọ́mì ti ń pe Àǹtí Morónkẹ́ ní 'ọkọ mi'. Àǹtí ò sì jókòó.

'Ìyàwó wa, èmi lo wá ń dọdẹ.'

'Ọkọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀?'

'Má pè mí lọ́kọ. Ọkọ tí o fẹ́ fi kámẹ́rà ṣọ́? O kọ ọ́ síwájú gbogbo ẹbí pé nǹkan ti sú ọ. Ṣé torí ìkòkò aláwọ̀ ewé yẹn ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Àbí torí ẹran tí mo bù nínú ọbẹ̀ lọ́jọ́ Àjíǹde? Mẹ́rin ni mo bù. Kì í ṣe méjì.'

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Láti ọdún tó kọjá ni Mọ́mì ti ń wá ìkòkò yẹn, Ayọ̀mípọ̀sí ni wọ́n sì bú fún un. Dádì ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.' Àǹtí ní, 'Olúdayọ̀, dákẹ́. Ìwọ náà wà nínú kámẹ́rà ọ̀hún.'

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹni tó fẹ́ àwọn ti kú, ilé wa nìkan ni àwọn ń wọ̀ láì kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní àwọn á máa kàn án láti òní lọ, tàbí kí àwọn má wá mọ́. Mọ́mì ò bá wọn jiyàn. Wọ́n ní àwọn ò ní irú èrò bẹ́ẹ̀, Àǹtí ò gbọ́. Mọ́mì wá di apá àga mú, wọ́n ń lọ sórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú orúnkún òsì tí wọ́n ti ń fi òróró pa láti ìgbà òtútù. Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ṣe, wọ́n sì ń bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ìrìn àjò ku ọjọ́ mẹ́fà. Kámẹ́rà wà lókè lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Tí mo bá dákẹ́, màá wọ ọkọ̀. Mo ṣe ìṣirò ẹ̀ dáadáa, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Mo ní, 'Èmi ni mo kọ ọ́.'

Dádì wo ẹ̀yìn. 'Ohùn ta nìyẹn?'

'Tèmi ni, sà.'

Àǹtí Morónkẹ́ ní kí n má fi àwọn ṣeré lónìí. Wọn ò jẹ̀bi. Lọ́dún tó kọjá mo fi ohùn Wòlíì pè wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n gbààwẹ̀ ẹran fún ọjọ́ méje, wọ́n sì gbà á. Mo dúró láàárín pálọ̀, mo ka gbogbo ẹ̀ bí ọmọ tó ń ka ẹsẹ bíbélì: oko Bọ̀dá Dávídì, ọkọ Àǹtí, ọkọ̀ Dádì, ọkọ̀ tèmi. Mo ní mo rí i kí n tó fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo dé orí ọkọ̀ Dádì, mo rí i tí ojú wọn wálẹ̀, torí ìgbà yẹn ni wọ́n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń wá nǹkan kan fún àwọn. Ìyẹn dùn mí ju ẹkún Àǹtí lọ.

Mọ́mì dìde díẹ̀díẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, 'Gbé fóònù rẹ wá.' Lẹ́yìn náà wọ́n ní, 'Kò sí omi.' Wọ́n lọ sí ilé ìdáná, wọ́n bu oúnjẹ fún Àǹtí, ẹran márùn-ún. Àǹtí jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó lọ.

Mo gbé kámẹ́rà lọ síwájú Mọ́mì lórí tábìlì, mo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Mo sọ fún Levi pé mi ò ní lè wá. Ó ní òun ò ní fi ẹnì kankan sí àyè mi títí di àárọ̀ Sátidé. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Mọ́mì ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó.

'Ọ̀la ni ọkọ̀ yín ń lọ?'

'Bẹ́ẹ̀ ni, mà.'

'Fi kámẹ́rà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò ní ojú tí mo fi máa wo omi fún wákàtí mẹ́ta. Lọ, kí o padà wá, kí o sọ bó ṣe rí fún mi. Tí o bá fi irọ́ kún un, ó parí nìyẹn.'

Mi ò dúpẹ́ jù, kí wọ́n má bàa tún un rò.

Thames kì í ṣe omi ìwọ àti èmi, Rodiyah. Ó gbòòrò, ó ń rùn, tí ọkọ̀ ńlá bá kọjá, ìgbì ẹ̀ á gbé wa bí ẹni gbé ọmọ jó. Mo pè fún àwọn tó ń wa àjẹ̀ títí ohùn mi fi há, mi ò sì da ọkọ̀ kankan dé. Nígbà tí à ń padà bọ̀, orí kan yọ lójú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an. Ó dúdú, ó ń dán, ó ní irun ètè bíi ti ológbò. Ó wò mí. Levi ní séálì ni, ẹranko omi tó ń jẹ ẹja, ó ní láti inú òkun ni wọ́n ti máa ń wọlé wá. Kí ẹnikẹ́ni tó yọ fóònù nínú ọ̀rá, ó ti lọ. Kámẹ́rà tèmi wà lórí tábìlì ní Dagenham, ó ń wo ògiri.

Mo bá Mọ́mì níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ròyìn, mi ò fi iyọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi orí yẹn, mo dúró. Tí mo bá fò ó, ìròyìn mi á mọ́ tónítóní. Tí mo bá sọ ọ́, irọ́ tó dáa jù tí mo ti pa rí ni wọ́n máa kà á sí, omi á sì parí. Mo sọ ọ́.

Ọwọ́ Mọ́mì dúró nínú ẹ̀wà. Wọ́n wò mí, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, 'Ojú ẹ̀ ńkọ́?'

Mo ní ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí nínú ìsìn.

'Ṣé ó sáré lọ ni?'

Mo ní rárá, jẹ́jẹ́ ló wọlé. Mọ́mì sún abọ́ ẹ̀wà sáàárín wa kí n bá wọn ṣa á, wọ́n ní kí n tún un sọ, láti ibi tí orí ti yọ.

Nítorí náà, má ra kámẹ́rà. Ó wà nínú páálí tí lẹ́tà yìí bá wá, pẹ̀lú ilé oníke ẹ̀ àti bátìrì méjì. Yíyá ni mo yá ọ, kì í ṣe ẹ̀bùn, má jẹ́ kí Haneef fọwọ́ kàn án. Tó bá ń rùn, ẹja ni. Bá mi kí Alhaja, kí wọ́n má bínú sí ìkarùn-ún tí mi ò kọ. Bá mi kí bàbá yín pẹ̀lú. Àǹtí Morónkẹ́ ní kí n kí yín. Ilé wa ni wọ́n wà bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò kan ilẹ̀kùn.

Mo fẹ́ fi òǹtẹ̀ ààfin lu ìsàlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ààfin, kò sí ọba, kò sí akọ̀wé. Èmi ni mo kọ gbogbo ẹ̀, mo sì fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Èmi ni tìrẹ, tòótọ́-tòótọ́,

Tiwaladé.